Àwọn Géèmù Ayé PS2

Ẹ bi oníròyìn géèmù kan ní London tàbí Tokyo pé géèmù wo ló dùn jù láyé PlayStation 2. Kò ní pẹ́ tí yóò fi dárúkọ Ico, Shadow of the Colossus àti Resident Evil 4. Ẹ wá bi ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé géèmù ní Mushin tàbí Bódìjà lọ́dún 2006 ní ìbéèrè kan náà. Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn pé Winning Eleven ni. Àwọn méjèèjì ò parọ́. Ibi tí èèyàn ti gbá géèmù, àti ẹni tó jókòó tì í nígbà tó ń gbá a, wà lára ohun tó ń sọ géèmù di ààyò ẹni.

Ẹ̀rọ mẹ́rin ló jọ du ọjà láyé náà. Sega ló kọ́kọ́ jáde, ó gbé Dreamcast síta ní Jàpáànù ní oṣù kọkànlá ọdún 1998. PlayStation 2 ti Sony tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2000, 39,800 yẹ́ǹ ni wọ́n ń tà á. Nintendo mú GameCube dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Microsoft sì mú Xbox dé ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Kí Xbox tó dé, Dreamcast ti kógbá sílé. Oṣù kẹta ọdún 2001 ni Sega dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù fún ẹ̀rọ àwọn tó ti ń bá díje tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjà parí, Dreamcast ta nǹkan bíi mílíọ̀nù 9, GameCube kò tó mílíọ̀nù 22, Xbox jẹ́ bíi mílíọ̀nù 24. PS2 nìkan ta ju mílíọ̀nù 155 lọ. Títí di ọdún 2013 tí wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ géèmù inú ilé mìíràn tó tà tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé PS2 lágbára ju àwọn yòókù lọ. Xbox lágbára jù ú, ó tiẹ̀ ní ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ tó gba gígábáìtì 8 nínú, nígbà tó jẹ́ pé káàdì mẹ́mọ́rì PS2 kò gbà ju mẹ́gábáìtì 8 lọ. Ohun tó gbé PS2 ga ni DVD. Lọ́dún 2000, ẹ̀rọ tó ń ṣí DVD ṣì wọ́n lójà, PS2 sì ń ṣí fíìmù bó ṣe ń ṣí géèmù. Bàbá tí kò lè fi owó rẹ̀ ra ohun ìṣeré fọ́mọ lè ra ẹ̀rọ fíìmù fún pálọ̀ ara rẹ̀. Ó tún ń gba sídì PlayStation àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tó ní géèmù àtijọ́ kò ní kó wọn dànù. GameCube ní tirẹ̀ ń lo sídì kékeré kan tí kò gbà ju gígábáìtì kan ààbọ̀ lọ, kò sì lè ṣí fíìmù rárá.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú PS2. Alaba àti Computer Village ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń rà á, ẹni tó tà á fún ọ á sì bi ọ́ bóyá wọ́n ti fi "chip" sí i. Chip yìí ni wọ́n ń jó mọ́ inú ẹ̀rọ kó lè máa gba sídì àdàkọ. Sony àti àwọn tó ṣe géèmù kò rí kọ́bọ̀ nínú owó sídì wọ̀nyẹn, a ò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà yẹn ni géèmù gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà.

Ẹni tí kò lágbára àtira ẹ̀rọ tirẹ̀ a máa lọ sílé géèmù. Yàrá kan ni, tẹlifíṣọ̀n bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì níwájú wọn, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó nà án á dúró de ẹlòmíràn. Ẹ wo páàdì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ dáadáa: àmì tó wà lára bọ́tìnnì onígun mẹ́rin ti parẹ́, R1 sì ti rọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà sókè mọ́. Onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sílé, R1 ni wọ́n fi ń sáré. Ta ló fẹ́ rìn nínú Winning Eleven?

Iléeṣẹ́ Konami ní Tokyo ló ni géèmù náà, Shingo Takatsuka tí wọ́n ń pè ní Seabass sì ni olórí àwọn tó ń ṣe é nígbà náà. Winning Eleven ni wọ́n ń pè é ní Jàpáànù nígbà yẹn. Láti ọdún 2001, Pro Evolution Soccer ni wọ́n ń kọ sára èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, àmọ́ orúkọ ti Jàpáànù ló mọ́ wa lẹ́nu, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára sídì. Iléeṣẹ́ EA tó ń ṣe géèmù FIFA nígbà náà ti fi owó gba àṣẹ lílo orúkọ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, nítorí náà Konami ní láti máa dọ́gbọ́n. Nínú Pro Evolution Soccer 5, Man Red ni Manchester United ń jẹ́, Liverpool sì di Merseyside Red. Nínú ẹ̀dà kẹta, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Netherlands ló ń jẹ́ Oranges, nọ́ńbà ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Orí pípá rẹ̀fírí ọmọ Ítálì nì, Pierluigi Collina, ni wọ́n gbé sára páálí ẹ̀dà kẹta yìí lọ́dún 2003, bẹ́ẹ̀ rẹ̀fírí kì í gbá góòlù.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi yàn án ju FIFA tó ní orúkọ gidi lọ? Bọ́ọ̀lù ni. Nínú FIFA ìgbà yẹn, àfi bí ẹni pé wọ́n fi okùn so bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbá a. Nínú ti Konami, bọ́ọ̀lù dá dúró lọ́tọ̀: ó lè fò kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, ó lè ta lára ògiri èèyàn, kó yí ọ̀nà padà. Ẹni tó bá jẹ góòlù mọ ibi tóun ti ṣe àṣìṣe. Èyí ló ń jẹ́ kí ó wù ú láti tún jókòó.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tipa bẹ́ẹ̀ lókìkí nílé géèmù ju bí wọ́n ṣe ní lórí pápá lọ. Adriano ọmọ Bràsíìlì, tó wà ní Inter Milan nígbà náà, kò nílò ju kí bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ, ibi yòówù kó wà. Ọmọ Èkó ni èkejì rẹ̀ ní Inter, Ọbáfẹ́mi Martins, eré sísá rẹ̀ sì burú débi pé àwọn ilé géèmù kan fòfin dè é. Bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, tí ẹ di R1 mú, ó parí nìyẹn. Àwọn tí kò sí láyé rárá tún wà pẹ̀lú: Castolo, Minanda, Ivarov. Àwọn ni Konami máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Master League, apá géèmù náà tí èèyàn ti ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wúwo, wọn ò sì mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gba ife pẹ̀lú Castolo kò jẹ́ gbàgbé. Káàdì mẹ́mọ́rì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi sápò lọ sílé géèmù, bí ẹni mú ìwé báǹkì dání.

Grand Theft Auto: San Andreas ni orogún Winning Eleven. Ṣáájú ọdún 2001, láti òkè bí ẹyẹ ni èèyàn ti ń wo ìlú nínú Grand Theft Auto. Iléeṣẹ́ DMA Design ní Edinburgh, Scotland, ló mú un wá sílẹ̀ nínú ẹ̀dà kẹta, tó fi di pé èèyàn ń rìn ní títì, ó ń wọ mọ́tò tó bá wù ú, ó sì ń ṣí rédíò inú rẹ̀. Vice City tẹ̀ lé e lọ́dún 2002. San Andreas jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2004, nígbà tí iléeṣẹ́ náà ti ń jẹ́ Rockstar North. Ó ta ju mílíọ̀nù 17 lọ lórí PS2 nìkan, kò sì sí géèmù PS2 mìíràn tó tà tó o.

Ọdún 1992 ni ìtàn rẹ̀. Carl Johnson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí CJ, padà wá sí ìlú Los Santos nítorí pé wọ́n pa ìyá rẹ̀. Bó bá jẹun jù, á sanra. Bó bá lọ gbé irin, ara rẹ̀ á le. Ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ wa ni ò bá ìtàn yìí dé òpin. Ibi ọkọ̀ ojú irin ni àwọn kan há sí: CJ ń fi alùpùpù lé rélùwéè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Big Smoke jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yìnbọn, kò sì bà. Ohun tí a mọ̀ dáadáa ni kóòdù. Ìwé àkọsílẹ̀ iléèwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn iṣẹ́ ìṣirò: R1, R2, L1, X, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè, òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìṣì, ara CJ á yá, ẹ̀wù ayẹta á dé ọrùn rẹ̀, $250,000 á sì wọ àpò rẹ̀. Ẹni tó bá mọ kóòdù ọkọ̀ ogun sórí kì í wá ọ̀rẹ́ tì. Géèmù àgbà ni San Andreas o. Lọ́dún 2005, wọ́n rí eré ìbálòpọ̀ kan tí àwọn tó ṣe é fi pamọ́ sínú rẹ̀, àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Amẹ́ríkà sì kó o kúrò lórí pẹpẹ títí wọ́n fi tún un ṣe. Àwọn òbí wa kò gbọ́ nǹkan kan nípa èyí.

Ọdún 2005 kan náà ni Shadow of the Colossus jáde, òun ni mo rò pé ó dára jù nínú gbogbo wọn. Fumito Ueda, ẹni tó ti ṣe Ico lọ́dún 2001, ló darí iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé òkú ọmọbìnrin kan wá sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé, wọ́n sọ fún un pé bó bá pa òmìrán mẹ́rìndínlógún, ọmọbìnrin náà lè jí. Kò sí ọ̀tá kékeré, kò sí abúlé, kò sí ọjà. Òun àti ẹṣin rẹ̀ nìkan ni. Bó bá rí òmìrán, á gun ara rẹ̀ bí ẹni gun ọ̀pẹ, á di irun rẹ̀ mú, bí ẹran náà bá sì gbọnra, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. R1 náà ni wọ́n fi ń di irun yẹn mú. R1 tí à ń fi Martins sáré ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru, tí ọwọ́ mi ń làágùn, tí mi ò sì lè tú u sílẹ̀. Agbára PS2 kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e, àwòrán a máa fà nígbà tí òmìrán bá ń rìn. Bí òmìrán náà bá wá kú, orin tí wọ́n fi sí i kì í ṣe orin ayọ̀. Wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún PlayStation 4 lọ́dún 2018, ó rẹwà gan-an, síbẹ̀ mo ṣì fẹ́ràn ti àkọ́kọ́.

Resident Evil 4 ti Shinji Mikami bẹ̀rẹ̀ lórí GameCube ní oṣù kìíní ọdún 2005, sídì méjì ni wọ́n pín in sí nítorí pé ọ̀kan ò gbà á. Ó gbé kámẹ́rà sẹ́yìn èjìká ẹni tó ń yìnbọn, ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn sì ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un tí wọ́n pa tì ló di Devil May Cry lọ́dún 2001. God of War náà jáde lórí PS2 lọ́dún 2005, èkejì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2007, nígbà tí PlayStation 3 ti wà lójà.

Xbox àkọ́kọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ò mọ̀ bí Halo, géèmù ìbọn orí Xbox, ṣe lágbára tó lókè òkun. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2004, Halo 2 pa $125 mílíọ̀nù ní Àríwá Amẹ́ríkà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí Xbox Live, ni wọ́n ti ń jà á. Nígbà tí Microsoft ti iṣẹ́ Xbox Live àtijọ́ pa ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2010, ẹni tó bá ti wà lórí rẹ̀ kò ní já bí kò bá pa ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn kan kọ̀, wọn ò pa á. Wọ́n jọ wà níbẹ̀ tọ̀sántòru, wọ́n ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di oṣù karùn-ún kí ẹni ìkẹyìn tó lọ. Àwọn tó ń gbá Super Smash Bros. Melee lórí GameCube le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2001 ni géèmù náà jáde, ìdíje rẹ̀ kò sì tíì dáwọ́ dúró, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó tóbi lẹ́yìn ni wọ́n ń gbé wá sí ibi ìdíje. Lọ́dún 2013, wọ́n dá ohun tó lé ní $94,000 fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú kí Evo, ìdíje ńlá àwọn géèmù ìjà, lè gba géèmù wọn wọlé.

Ní Bràsíìlì, Winning Eleven orí PS2 náà kò kú. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń tún un ṣe fúnra wọn lábẹ́ orúkọ Bomba Patch, wọ́n ń fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹgbẹ́ padà sí i. Àwọn tó ń tẹ sídì lọ́dọ̀ wa ṣe irú rẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2013 ni Sony kéde pé òun ò ní ṣe PS2 mọ́. Géèmù tó jáde fún un kẹ́yìn ní Yúróòpù dé ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí ẹ̀rọ náà ti dẹ́kun jíjáde. Bọ́ọ̀lù Konami ni: Pro Evolution Soccer 2014.