Ojú Irin Tí Kò Dé Tamale: Èbúté Takoradi nínú ìwé Ayi Kwei Armah

Títí di òní, ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé Tamale ní àríwá Ghana. Kumasi ni èyí tó ń ti etí òkun bọ̀ dúró sí. Gordon Guggisberg, tó ṣe gómìnà Gold Coast, Ghana òní, láti 1919 sí 1927, gbèrò láti fà á dé àríwá, àmọ́ orí bébà lètò náà kú sí. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ àríwá kan náà wà lára àwọn tó la igbó fún un, nítorí àwọn òyìnbó ń ránṣẹ́ sáwọn ọba àti baálẹ̀ pé kí wọ́n kó ọ̀dọ́kùnrin wá fún iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ kùsà. Nípa ẹni tó lọ tí kò tètè dé, àti nípa ẹrù tó dé, ni Tamale fi mọ etí òkun. Àwọn Yorùbá tó ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì, náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, títí ìjọba Busia ní Ghana fi fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969.

Ní ìdí ojú irin yẹn, ní Takoradi, ni wọ́n bí Ayi Kwei Armah sí ní 1939. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, The Beautyful Ones Are Not Yet Born, jáde ní 1968. Chinua Achebe kò gba tìwé náà. Ó ní àìsàn ń ṣe é, àìsàn ọ̀hún kì í sì í ṣe ti Ghana gan-an. Mo bọ̀wọ̀ fún Achebe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn èbúté Takoradi kò ní gbà fún un lórí èyí.

Sekondi ló kọ́kọ́ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irin ní 1898. Ó dé Tarkwa ní 1901 nítorí wúrà, ó wọ Kumasi ní 1903. Àmọ́ ọkọ̀ òkun kò lè súnmọ́ ilẹ̀ ní Sekondi. Ọ̀ọ́kán ló ń dúró sí, àwọn atukọ̀ a wá fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ la ìgbì kọjá lọ kó ẹrù. Bí ìgbì bá yí ọkọ̀, ẹrù lọ nìyẹn, ẹ̀mí náà sì lè bá a lọ. Ìdí rèé tí Guggisberg fi kọ́ èbúté olómi jíjìn sí Takoradi, tí wọ́n ṣí ní 1928. Kòkó, igi gẹdú àti mánganíìsì láti Nsuta wá ń bá ojú irin bọ̀ ní tààrà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Sekondi ń tún rélùwéè ṣe, Takoradi ń kó ẹrù. Nígbà ogun Hitler, láti 1940, àwọn òyìnbó ń kó ọkọ̀ òfuurufú gúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú àpótí, wọ́n ń tò ó, wọ́n sì ń fò ó gba Èkó àti Kano lọ sí Íjíbítì.

Ìlú tó gbára lé irin àti òkun báyìí, òṣìṣẹ́ ló lágbára níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú nínú ìyanṣẹ́lódì tó ran Kwame Nkrumah, tó ń jà fún òmìnira, lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, àwọn kan náà ló yanṣẹ́ lódì sí ìjọba rẹ̀, nígbà tí ètò ìṣúná ní kí wọ́n máa yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sílẹ̀ ní tipátipá. Àwọn ìyálọ́jà ń bọ́ wọn. Ìjọba kó àwọn aṣáájú wọn sí àtìmọ́lé. Armah wà ní Harvard nígbà náà.

Ẹ wá wo ìwé náà. Akọ̀wé rélùwéè ni akọni rẹ̀, Armah kò sì fún un lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mójú tó ìrìn ọkọ̀ ojú irin láti ọ́fíìsì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, oníṣòwò gẹdú kan wọlé, eyín rẹ̀ ń jáde bí ìkookò. Igi rẹ̀ wà nínú igbó, òjò fẹ́ bà á jẹ́, ó sì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé èbúté. Ó nawọ́ owó. Akọ̀wé kò gbà á, ìyàwó rẹ̀ sì fi í ṣẹ̀sín nígbà tó délé. Ta ló lè kọ irú ìran yìí bí kò bá mọ̀ pé owó ń bẹ nínú àyè ọkọ̀ ẹrù? Koomson, mínísítà inú ìwé náà, ti ṣiṣẹ́ lẹ́bùúté rí. Nígbà tí sójà gbàjọba, ihò agbépòó ni òun àti akọ̀wé gbà sá jáde, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, Koomson fún ọlọ́dẹ ní rìbá, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tí ìyàwó akọ̀wé ti bá a fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Akọ̀wé bẹ́ sómi, ó lúwẹ̀ẹ́ padà sí etíkun. Gbogbo rẹ̀, èbúté ni.

Ọdún 1966, tí ìjọba Nkrumah ṣubú lóòótọ́, Armah ń kọ́ni ní Navrongo, nítòsí ẹnubodè Burkina Faso òní. Ọ̀nà ibẹ̀ láti etíkun, Tamale ló gbà. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Paris, Tanzania àti Lesotho. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Boston ló kọ́kọ́ tẹ ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fìdí kalẹ̀ sí Popenguine létí òkun Senegal, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìtẹ̀wé tiwọn sílẹ̀, Per Ankh, tó ń tẹ ìwé rẹ̀ báyìí láìbẹ ẹnikẹ́ni lókè òkun.