Brassaï Àti Àwọn Ojú Tí Ó Wà Lára Ògiri Paris

Ní ọdún 1933, Minotaure, ìwé àtìgbàdégbà kan tí ó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Paris, tẹ àwọn àwòrán ògiri kan jáde. Kì í ṣe ògiri ààfin tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ògiri àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ni, èyí tí ó ti gbó, tí ara rẹ̀ ti ń bó, tí àwọn ẹni tí a kò mọ̀ sì ti fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó gbẹ́ orí ènìyàn, ẹranko, agbárí òkú àti ọkàn tí ọfà gún sí. Ayàwòrán tí ó rìn kiri títí tí ó fi rí wọn ni Brassaï.

Gyula Halász ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọdún 1899 ni a bí i ní ìlú Brassó, tí ó wà lábẹ́ Họ́ngárì nígbà náà, tí ó sì ti di ara Ròmáníà lónìí. “Ará Brassó” ni ìtumọ̀ orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀. Ó dé Paris ní ọdún 1924, ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn, ó sì fẹ́ràn láti máa rìn lóru. Bí ó bá gbé kámẹ́rà kalẹ̀ nínú òkùnkùn, sìgá ni ó fi ń díwọ̀n àkókò tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi wọlé: Gauloise kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà díẹ̀, Boyard níbi tí ó bá ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lára ọ̀pọ̀ ògiri ilẹ̀ Faransé ni a kọ ọ́ sí gàdàgbà pé òfin ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1881 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lẹ ìwé mọ́ ibẹ̀. Òfin yẹn kò dá ọmọ tí ó mú ìṣó lọ́wọ́ dúró. Ẹni tí ó bá sì ti rí bí ọmọdé ṣe ń fi èédú ya ènìyàn sí ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo lé e lórí, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Paris nìkan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá lára àwọn ògiri wọ̀nyí lójoojúmọ́ láìwò wọ́n. Brassaï ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ó ń kọ àdírẹ́sì wọn sí, tí ó sì ń ya bí wọ́n ti rí sí, kí ó lè padà débẹ̀. Ó ń padà lóòótọ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi ọkàn sí. Àwòrán náà kì í dúró sójú kan: ihò ojú ti jìn sí i nítorí pé ẹlòmíràn ti fi ọ̀bẹ tirẹ̀ kún un, òjò ti wẹ̀ ẹ́, àpá ọ̀dà tí a fi pa á rẹ́ pàápàá ti di ara rẹ̀. Ihò méjì péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀. Bí ihò méjì bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú ni ẹni tí ń kọjá rí; yóò fa ìlà ẹnu sí i, orí ti dé nìyẹn. Láti ya irú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, kí òjìji lè kún ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá.

Àkọlé tí ó fún àròkọ rẹ̀ nínú Minotaure so ògiri ihò àpáta ayé àtijọ́ pọ̀ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgboyà ni, nítorí ó di ọdún 1940 kí a tó rí àwòrán inú ihò Lascaux. Ní ọdún 1956, Museum of Modern Art ní New York ṣàfihàn àwọn àwòrán náà. Ìwé rẹ̀, Graffiti, jáde ní èdè Jámánì ní ọdún 1960, ó sì jáde ní èdè Faransé ní ọdún 1961. Ó pín in sí abala bí ìfẹ́, ikú, idán àti ẹranko.

Orúkọ ayàwòrán ni ó wà lábẹ́ gbogbo wọn, kì í ṣe ti ẹni tí ó gbẹ́ ògiri. Ó fẹ́ jọ olè, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ Paris ni a ti wó láti ìgbà náà, àwọn ojú náà ì bá sì ti bá wọn lọ láìsí ẹni tí ó dúró wò wọ́n. Síbẹ̀ gbèsè wà nílẹ̀. Brassaï kú ní ọdún 1984. Nínú àwọn kan lára ọkàn tí ó yà, a ṣì lè ka lẹ́tà tí àwọn olólùfẹ́ fi gbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Ìyẹn nìkan ni ìfọwọ́sí tí ó kù.