Silentbloc: Rọ́bà Kékeré Tó Gbé Ọ̀nà Ṣábẹ̀ Ró

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun ni a sábà máa ń kà níbí. Lónìí, abẹ́ mọ́tò ni a fẹ́ wọ̀. Ohun tí àwọn mẹkaníìkì wa ní Ṣábẹ̀ ń pè ní silentbloc, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní búṣìn, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ takisí láti Kútọnu dé Párákù ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Orúkọ ọjà ni orúkọ náà. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, ilé-iṣẹ́ François Repusseau, ọkùnrin tó gba ipò kìíní nínú eré mọ́tò Monte-Carlo lọ́dún 1925, ló ń tà á nílẹ̀ Faransé. Páìpù irin kékeré kan wà nínú páìpù irin ńlá, wọ́n sì fi rọ́bà dí àárín wọn pinpin. Ṣáájú rẹ̀, irin ló ń yí lórí irin níbi tí apá táyà ti so mọ́ ara mọ́tò. Gírísì ló ń gbà á là; bí gírísì bá gbẹ, ariwo dé. Rọ́bà yìí kì í yí. Ó ń lọ́ ni, bí ìgbà tí èèyàn bá lọ́ aṣọ tútù, á sì tún padà sí àyè rẹ̀. Kò fẹ́ gírísì rárá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ «ó ń lọ́» yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní ọ̀dọ̀ wa, reluwé ló kọ́kọ́ dé. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀ ni irin ti kan Ṣábẹ̀ láti etíkun, kò sì dé Párákù àfi ní 1936. Láti 1953, epa Niger bẹ̀rẹ̀ sí í gba Párákù lọ sí Kútọnu, nínú ètò tí àwọn Faransé pè ní Opération Hirondelle. Kámíọ̀ pọ̀ lọ́nà àríwá nígbà náà, ibi tí kámíọ̀ bá sì pọ̀ sí, mẹkaníìkì kì í ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Peugeot ló sọ silentbloc di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn. Ọdún 1960 tí Dahomey àti Nàìjíríà gba òmìnira, ọdún náà ni 404 jáde. Ó gba ipò kìíní nínú eré Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹrin: 1963, 1966, 1967 àti 1968. Èyí tí a mọ̀ jù ni bâchée, tó ní tapólì lẹ́yìn. Iṣu, àgbàdo, ewúrẹ́, àwọn ìyá ọlọ́jà, gbogbo wọn ló jọ ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà Glazoué. Ọ̀nà pupa ìgbà yẹn, kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i, dà bí páànù orí ilé: òkè kékeré, kòtò kékeré, láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ìgbọ̀nrìrì yẹn, inú rọ́bà ló ń parí sí. Rọ́bà á gbóná, á sán, á sì jẹ. Awakọ̀ á wá gbọ́ «kò-kò-kò» nísàlẹ̀, táyà á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó bá tẹ búréèkì, mọ́tò á fẹ́ yà kúrò lọ́nà.

Ọdún 1968 ni 504 dé. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ọdún yẹn náà ni Dahomey di Benin. Nàìjíríà ṣì ń tò ó títí di 2006, nígbà tí ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti pa á tì tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò Faransé, tí orúkọ ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ti Faransé, fi ń rí ohun èlò gbà láti ìlà-oòrùn, láti Ládìípò ní Èkó, pẹ̀lú owó náírà. Ìwé ilé-ìwé wa fa ìlà ààlà gbọnrangandan. Abẹ́ mọ́tò kò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kìíní ọdún 1994 dé. Faranki Faransé kan, tó jẹ́ 50 CFA, di 100 CFA lóru ọjọ́ kan. Ohun èlò tó bá ti Faransé wá di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ní bâchée àtijọ́ kò lè gbé e jù sílẹ̀, ọ̀bẹ sì wọ inú táyà tó ti jẹ: wọ́n gé e róbótó, wọ́n lu ihò sí i láàárín, wọ́n kì í bọ páìpù. Àwọn mìíràn gbé e tọ tọnẹ́ọ̀ lọ, ó fi ọ̀rá líle yí i jáde fún wọn.

A kò ní bú àwọn tó ṣe é, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Silentbloc gidi di irin méjèèjì mú, ìdí nìyẹn tó fi lè lọ́. Rọ́bà táyà kò di nǹkan kan mú. Yíyọ̀ ló ń yọ̀, á sì máa fi ara ha irin títí ihò á fi gbòòrò. Ọ̀rá líle kì í tètè jẹ, àmọ́ kì í gba ìgbọ̀nrìrì mọ́ra, ara mọ́tò ló ń gbé e lé lọ́wọ́. Nídìí àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn bâchée, tí a ń pè ní lámù, a lè fara mọ́ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ní apá iwájú, níbi tí mọ́tò ti ń yí orí, tí èèyàn mẹ́sàn-án sì wà nínú rẹ̀, a kò fara mọ́ ọn.

Èyí tó wá dùn wá jù ni pé rọ́bà tuntun gan-an lè má pẹ́ nítorí ọwọ́ tó fi í sí i. Wọ́n á gbé mọ́tò sórí jáàkì, táyà á máa fì lófuurufú, wọ́n á sì fún bọ́ọ̀tì pinpin níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, apá náà á gòkè, rọ́bà á sì ti lọ́ kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì. Bó bá tún wá ko kòtò, ó di yíya. Ẹ ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀tì sí i wẹ́rẹ́, kí mọ́tò dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n mì í díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó fún un pa. Bó bá ṣòro láti wọlé, omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi pa á. Òróró ẹ́ńjìnnì àti kpayo ń jẹ rọ́bà.

Toyota tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè ló kún ọ̀nà báyìí, Peugeot ti di ti àgbà. Rọ́bà náà ṣì wà lábẹ́ wọn, apá ìsàlẹ̀ iwájú ló sì ti ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wo tirẹ̀, kó ti irin gígùn bọ àárín apá náà àti ara mọ́tò, kó sì fi wọ́n jẹ́jẹ́. Bí irin bá ń kan irin, tàbí tí rọ́bà bá là débi tí a fi ń rí páìpù inú, kó pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kó sì lọ to táyà kó tó gba ọ̀nà Párákù.