Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀ àti Gẹ̀gẹ̀ Ọrùn

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Ní Sẹkọna níbí, lágbègbè Ẹdẹ, àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àwọn mọ onígẹ̀gẹ̀ dáadáa nígbà èwe àwọn. Èmi tí mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn wa tó rí bíi labalábá, táírọ́ọ̀dì ni wọ́n ń pè é. Èròjà áyódíìnì ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí i tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí. Inú eérú koríko òkun ni Bernard Courtois ti kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Faransé ní 1811. Ibi tó bá jìnnà sókun, tí òjò sì ti ń fọ ilẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, kì í sábà ní i púpọ̀.

Oúnjẹ wa náà tún dá sí i. Ní 1966, O. L. Ekpechi, oníṣègùn ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì Nature pé gbágùúdá lè fa gẹ̀gẹ̀. Bí a kò bá yọ májèlé inú rẹ̀ dáadáa, ó máa ń dí áyódíìnì lọ́nà nínú ara. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ni báwọn ìyá wa ṣe ń jẹ́ kí gàrí kan nínú àpò kí wọ́n tó yan án!

Gẹ̀gẹ̀ nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Bí aláboyún kò bá ní áyódíìnì tó, ó lè pa ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lára. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á dé iléèwé, wọ́n á máa pè é ní olódo. Wọ́n á ní iṣẹ́ aráyé ni, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ lásán ni ì bá gbà á.

Switzerland bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódíìnì sínú iyọ̀ ní 1922, ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1924. Ọdún 1993 ló tó di dandan fún iyọ̀ jíjẹ ní Nàìjíríà. Òfin ní kó tó mílígíráàmù 50 nínú kílò kan nílé iṣẹ́, kó má sì dín sí 30 lọ́jà, torí áyódíìnì máa ń fò lọ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra iyọ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ “iodized” sára ọ̀rá rẹ̀. Ẹ dé e pa, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má sì torí èyí fi kún iyọ̀ ọbẹ̀ o, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ níta. Ìwọ̀nba tí ẹ ń jẹ náà ti tó, kó ṣáà ti jẹ́ ojúlówó.

Ó dìgbà kan ná.