Magnetron oníhò

Magnetron oníhò jẹ́ ẹ̀rọ tí ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ agbára iná mànàmáná di ìgbì máíkírówéèfù. Òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rédà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Wọ́n máa ń fa gbogbo atẹ́gùn inú ẹ̀rọ náà jáde. Láàárín rẹ̀ ni kátóòdù wà, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń jáde lára rẹ̀ bó bá ti gbóná. Bàbà kìkì tí wọ́n lu ihò sí lára ló yí i ká. Fólítéèjì gíga ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ síbi bàbà, ṣùgbọ́n òòfà ń yí wọn lọ́nà, wọ́n á sì máa pòyì yí kátóòdù ká. Bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́nu ihò, ìgbì tó ti ń mì níbẹ̀ á tò wọ́n bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, á sì gba agbára lọ́wọ́ wọn. Bí ihò bá ṣe kéré tó ni ìgbì ṣe ń kúrú tó.

Rédà dà bí ẹni tó pariwo sí òkè, tó wá dákẹ́ kí gbohùngbohùn lè dá a lóhùn. Nítorí náà, ẹ̀rọ mìíràn á máa kó agbára jọ, á sì dà á lu magnetron lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìtújáde kọ̀ọ̀kan bá gba ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, tó sì ń wáyé nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ tí ìtújáde rẹ̀ tó 100 kílówáàtì kò mú ju 100 wáàtì wá ní ìpíndọ́gba.

Ìtàn

Albert Hull ti General Electric ní Amẹ́ríkà ló fún magnetron lórúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì 1940, John Randall àti Harry Boot tan ẹ̀rọ oníhò 6 ní Yunifásítì Birmingham: ó mú nǹkan bí 400 wáàtì wá, ìgbì rẹ̀ sì gùn ní bíi sẹ́ńtímítà 9.8. Eric Megaw ti iléeṣẹ́ GEC ní Wembley sọ ọ́ di ohun tó ṣeé gbé sínú bàálù. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Henry Tizard darí gbé ọ̀kan lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1941, James Sayers fi wáyà so àwọn ihò pọ̀, ìgbì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń yí padà lójijì mọ́.

Àríyànjiyàn wà lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Hans Hollmann ti Jámánì ti béèrè fún ìwé-ẹ̀rí ìhùmọ̀ (patent) lórí irú rẹ̀ ní 1935. Alekseev àti Malyarov náà ṣe é ní Leningrad ní nǹkan bí 1936 sí 1937, ṣùgbọ́n 1940 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó jọ pé agbára ńlá lórí ìgbì kúkúrú ni Birmingham fi ta wọ́n yọ, kì í ṣe èrò ihò fúnra rẹ̀.

Ní 1976, Bekefi àti Orzechowski ní MIT lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré wọn súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀ nínú magnetron tiwọn, ìtújáde wọn sì ju bílíọ̀nù wáàtì 1 lọ. Agbára èyí tó wọ ilé ìdáná kéré sí i gan-an: inú ààrò máíkírówéèfù ló wà.