Ta Ni Yóò Tún Ṣọ́ọ̀ṣì Ṣe?

 

Bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan bá ń jò ní Ìlá Ọ̀ràngún, gbogbo wa ni a mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ yóò pe ìpàdé. Wọn yóò ṣírò owó páànù àti owó iṣẹ́ káfíńtà, wọn yóò sì pín in fún àwọn ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọkùnrin yóò mú tiwọn wá, ẹgbẹ́ obìnrin yóò mú tiwọn wá, àwọn ọmọ Ìlá tó wà ní ìdálẹ̀ yóò fi tiwọn ránṣẹ́, ọjọ́ ìkórè yóò sì dí ìyókù. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ńkọ́? Ó lè fi inú rere dáwó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn Mùsùlùmí àdúgbò kí ó wí fún un pé, "San owó páànù ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ilẹ̀ tí o kọ́lé sí." Bí a bá dán irú rẹ̀ wò, onítọ̀hún yóò béèrè bóyá orí wa pé.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Òfin ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àlùfáà àgbà tí wọ́n ń pè ní rẹ́kítọ̀. Òun ló ń gba ìdá mẹ́wàá lórí irè oko gbogbo àdúgbò: ọkà, koríko, irun àgùntàn. Òun náà ló ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí pé ó ń jẹ lára ilẹ̀, wọ́n di ẹrù lé e lórí: òun ni kí ó máa tún apá ibi tí pẹpẹ wà ṣe. Àwọn ará àdúgbò ni yóò máa tún apá ibi tí ìjọ ń jókòó sí ṣe. Ìpín yìí dára. Ẹni tí ó jẹ èrè ni ó ru ẹrù.

Nígbà tí ó di 1536 sí 1540, Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé àwọn mọ́ńkì ká, ó sì gba ilẹ̀ wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni ó ń gba ìdá mẹ́wàá ní ipò rẹ́kítọ̀. Ọba ta ilẹ̀ náà fún àwọn ọlọ́rọ̀, ó sì fi àwọn mìíràn ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni Ọlọ́run, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni ayé. Ṣùgbọ́n ẹrù títún ibi pẹpẹ ṣe kò kúrò lórí ilẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n pín pápá àwọn àdúgbò, wọ́n sì fún ẹni tí ó ń gba ìdá mẹ́wàá ní ilẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹrù náà bá ilẹ̀ yẹn lọ. Wọ́n gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ẹni tí ó ń gbé orí rẹ̀ kò fi mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Bí bàbá kan bá fi oko kòkó rẹ̀ dógò, tí ó sì kú, dógò kò bá a kú. Ọmọ tí ó bá jogún oko ni yóò bá olówó sọ̀rọ̀. Ìyàtọ̀ kan ló wà: owó dógò ní iye, ẹni tí ó bá san án ti gba oko rẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò ní iye. Bí ògiri bá ti wó tó ni gbèsè ṣe pọ̀ tó.

Ní abúlé Aston Cantlow, ní Warwickshire, tọkọtaya kan ní oko tí ó ti ọwọ́ àwọn òbí ìyàwó wá. Ara oko yìí jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n pín dípò ìdá mẹ́wàá ní 1743. Ní nǹkan bí 1990, ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó àtúnṣe lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ̀. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n ń béèrè sì ti lé ní £95,000. Ní 2001, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá tọkọtaya náà láre. Ṣùgbọ́n ní 2003, àwọn onídàájọ́ àgbà ní House of Lords yí ìdájọ́ náà padà: ẹrù wà lórí ilẹ̀, ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni yóò rù ú. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ ṣírò iye rẹ̀ ní 2007, ó ti lé ní £186,000, láìka owó lọ́yà mọ́ ọn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ta oko náà.

Ẹ má ṣe yára dá ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́bi. Ìjọ kékeré ni, ilé wọn sì ti gbó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Bí òfin bá wí pé ẹnì kan wà tí yóò sanwó, tí wọn kò sì béèrè, ta ni yóò tún un ṣe? Àárín òfin àtijọ́ àti ògiri tí ń wó ni àwọn méjèèjì há sí. Àwọn amòfin tí ìjọba yàn láti yẹ òfin wò ti dámọ̀ràn ní 1985 pé kí a fòpin sí ìnira yìí, ṣùgbọ́n wọn kò pa á rẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì títí di ọjọ́ 13 oṣù October, 2013, láti kọ ẹ̀tọ́ wọn sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹni tí ó bá fowó ra ilẹ̀ tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà bọ́ nínú ẹrù. Ẹni tí ó jogún rẹ̀, tàbí tí a fi ta lọ́rẹ, kò bọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò fowó rà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ilé, kí wọ́n ní kí lọ́yà wọn wádìí bóyá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Bí iyèméjì bá wà, owó ìdójútòfò tí wọn yóò san kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó lè dé bá wọn.

Nílé níbí, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ní ìpín 10 pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Ẹrù ilé Ọlọ́run wà lórí àwọn tí ń jọ́sìn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé àwọn baba ńlá wa, ẹrù kan wà tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: odi ìlú àti ààfin ọba. Bí ògiri ààfin bá wó, àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ó kàn án, wọn a sì po amọ̀. Wọn kì í sanwó fún ohun tí wọn kò mọ̀. Ààfin wà níwájú gbogbo ojú, oníkálukú sì mọ ìdí rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹrù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kì í pa ènìyàn, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Èyí tí a gbàgbé sínú ìwé, tí ó wá já lu ẹnì kan ṣoṣo, ni ó ń tú ilé ká. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè, ẹ̀yin ọmọ: kí ni a jẹ lórí ilẹ̀ wa, ta ni a sì jẹ? Kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.