Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Kò Fò Rí



Lóṣù tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín pè mí láti Houston. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àmọ́ bó ṣe kí mi tán báyìí, ohùn ọmọdé ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. "Prof, ẹ gbọ́ sà, wọ́n ta Boba Fett kan ní 525,000 dọ́là! Èmi náà ní irú rẹ̀. Ó wà nínú àpótí bàbá mi n'Ìbàdàn."

Mo ní kó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Boba Fett ni ọdẹ kan nínú fíìmù Star Wars, tí wọ́n ń sanwó fún láti máa mú èèyàn. Ó fi irin bojú, ó sì gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ẹ̀yìn. Lọ́dún 1979, bàbá ọmọ mi yìí ń kàwé ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó sì bá a gba ọmọláńgidi rẹ̀, tí kò tó ínṣì mẹ́rin. Ọmọ náà ní òun rántí dáadáa: òun tẹ nǹkan kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì pupa fò jáde, ó wọ abẹ́ àga bàbá òun. Bàbá náà ti di olóògbé. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun dé ọ̀dọ̀ màmá òun, kí n yẹ àpótí náà wò.

Kí n tó lọ, mo ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì: mo kọ́kọ́ jókòó, mo kàwé.

Ilé-iṣẹ́ Kenner, ní ìlú Cincinnati, ló ń ṣe ohun ìṣeré Star Wars nígbà yẹn. Ní 1979 wọ́n kéde pé ọmọ tó bá gé àmì ìrajà mẹ́rin lára páálí àwọn ọmọláńgidi yòókù, tó sì fi ránṣẹ́, máa gba Boba Fett lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpolówó náà ṣèlérí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fò. Àwọn ẹnjiníà sì dán an wò lóòótọ́. Wọ́n ki sípíríǹgì sí i lẹ́yìn, wọ́n la ojú ihò síbẹ̀ tí ohun tó di rọ́kẹ́ẹ̀tì mú á máa gbà kọjá. Ihò àkọ́kọ́ dà bíi lẹ́tà L. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ń já kiri, ni wọ́n bá yí ihò náà padà sí J. Àwòṣe ìdánwò ni gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọn ò tiẹ̀ kùn lọ́dà.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Nígbà tí 1978 ń parí lọ, ọmọ ọdún mẹ́rin kan kú nígbà tí ọta ike há sí i lọ́fun. Ara ọkọ̀ ìṣeré kan tí ilé-iṣẹ́ Mattel ṣe, ti eré tẹlifíṣọ̀n Battlestar Galactica, ni ọta náà ti wá. Ìbẹ̀rù wọ ọjà ohun ìṣeré. Kenner lẹ ìwé bo ìlérí rọ́kẹ́ẹ̀tì lára páálí, wọ́n lẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ pinpin mọ́ ẹ̀yìn ọmọláńgidi, èyí tí kò lè fò ni wọ́n fi ránṣẹ́. Èyí tó ń fò kò dé ọjà rí. Ìwọ̀nba àwòṣe ìdánwò tó ṣẹ́ kù ló wá di ohun tí olówó ń dù. Ọ̀kan tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ni Heritage Auctions lù ní gbàǹjo ní 2024, ní iye tí ọmọ mi pè yẹn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ mi nìkan kọ́. Àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà wà tí wọ́n ń búra pé àwọn ta rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà èwe àwọn. Ṣé òpùrọ́ ni gbogbo wọn? Rárá o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lọ sí kafẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà kan, ẹ ò ní gbàgbé lẹ́tà tó ń kiri lórí í-meèlì nípa KFC. Lẹ́tà náà ní ìjọba ló fòfin de ilé oúnjẹ yẹn pé kò gbọdọ̀ pe ẹran rẹ̀ ní adìẹ mọ́, torí ẹ̀dá abàmì tí kò ní àgógó, tí kò ní ìyẹ́, ni wọ́n ń sìn. Ó ní ìwádìí Yunifásítì New Hampshire ló sọ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì náà ní àwọn ò ṣe ìwádìí kankan tó jọ ọ́. Àmọ́ òótọ́ kan wà nídìí irọ́ yìí: lọ́dún 1991, Kentucky Fried Chicken sọ ara rẹ̀ di KFC. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni ọ̀rọ̀ "fried", torí ará Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rù oúnjẹ dídín. Adìẹ kò ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò fúnra wọn kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní June 2018, ilé oúnjẹ IHOP, tí wọ́n mọ̀ mọ páńkéèkì, ní àwọn ti di IHOb. Gbogbo ayé ń méfò ohun tí b dúró fún. Bọ́gà ni. Nígbà tó fi di July, wọ́n jẹ́wọ́ pé orúkọ àwọn kò yí padà, bọ́gà ni àwọn fẹ́ kéèyàn wá jẹ.

Ẹ wò ó: àhesọ kì í hù lórí àpáta. Ó máa ń rí erùpẹ̀ òótọ́ díẹ̀. Orúkọ yí padà lóòótọ́. Kenner ṣèlérí rọ́kẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ọmọ rí àwòrán, ó retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó fi ọkàn ta á kí ó tó dé. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ta ló fẹ́ ya ìrètí kúrò lára ìrántí? Iṣẹ́ òpìtàn ni kó wá ibi tí òótọ́ dúró sí, kó sì wá ibi tí ìyókù ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ nínú gbàǹjo Boba Fett, òtítọ́ ló ń tà: wọ́n á gbé e yí, wọ́n á wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Mo dé ọ̀dọ̀ màmá náà. Màmá ṣí àpótí páànù fún mi. Boba Fett wà nínú rẹ̀, wọ́n fi áńkáṣífù wé e. Mo yí i padà. Kò sí J, kò sí L. Mo fi èékánná tú rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kò mì. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ìwé pélébé kan tí Kenner fi ránṣẹ́. Ó ní nítorí ààbò, àwọn ti yọ ohun tó ń ta rọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dá a padà, wọ́n á fún un ní ọmọláńgidi mìíràn.

Mo pè é, mo ka ìwé náà sí i létí. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Prof, abẹ́ àga bàbá mi ló wọ̀ sà."

Mo ní, "Mo gbọ́. Àmọ́ bàbá rẹ ka ìwé yìí. Ó fi pa mọ́, kò sì dá Boba Fett padà. Ohun tí èmi rí nìyẹn."

Ó ní kí n má jẹ́ kí màmá fún ẹnikẹ́ni, òun ń bọ̀ wá mú un ní December. Kò béèrè iye tó tó mọ́.